Rọ́bà Tí Bàbá Mi Gé

Irin kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkọ mi, Àtàndá, gbé wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò kí mi, kò béèrè ọmọ. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n.

“Èyí tí ẹ gbẹ́ láàárọ̀ yìí ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ó ti bàjẹ́. Àwọn ihò rẹ̀ ò bọ́ síbi tó yẹ. Ìyá Àwáwù, wọ́n ti wá.”

N kò bi í pé àwọn wo. Lọ́dún náà, tí ènìyàn bá ti ní wọ́n ti wá, sójà ló ń wí.

“Kápítéènì yẹn fúnra rẹ̀ ni. Ó gbé irin méjèèjì tó bàjẹ́ lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá ba irin ìjọba jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe ni. Ẹni tó bá bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tá ni. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí ẹ̀kẹta ò bá pé, kí n ti múra sílẹ̀.”

Àwa méjèèjì mọ ohun tó ń jẹ́ ìmúra. Ọládipúpọ̀, tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ níbi iṣẹ́ kan náà, ti múra bẹ́ẹ̀ rí. Jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ nígbà òjò. Ọyẹ́ ti dé báyìí, ìyàwó rẹ̀ ò tíì mọ ibi tó wà. Obìnrin náà ti gbé abọ́ oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà gbogbo bárékè tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Ilé iṣẹ́ irin tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ wà lọ́nà Sekona. Ìjọba alágbádá ló kọ́ ọ, òyìnbó ló kó ẹ̀rọ inú rẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n ní kò sówó mọ́, àwọn òyìnbó padà sílé wọn. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tó kù sì wà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò sí ohun ìpààrọ̀ fún. Ní ìlú, à ń tò sórí ìlà ra mílíìkì àti ọṣẹ. Ẹni tó bá yà kúrò lórí ìlà, kòbókò ni yóò dá a padà.

Lẹ́nu ìgbà yẹn ni pọ́ǹpù omi ìlú dákẹ́. Àwo irin roboto tó so pọ́ǹpù mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló là. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra irú rẹ̀, kò sì sí owó òkè òkun. Gbogbo wa padà sódò. Kò pẹ́ tí onígbáméjì fi wọ ìlú. Ní agbo ilé tó kángun sí tiwa, wọ́n sin ọmọ méjì kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Mo máa ń se omi tí Àwáwù yóò mu títí igi yóò fi tán nídìí ààrò, síbẹ̀ tí ó bá ti di ikùn mú, ọkàn mi á fò lọ. Ìjọba wá ní kí ilé iṣẹ́ irin gbẹ́ àwo náà. Irin líle tó lè ṣe é kò ju mẹ́ta lọ ní gbogbo sítọ́ọ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì lè gbẹ́ ẹ, ọkọ mi sì ni òyìnbó kọ́ ní ẹ̀rọ náà.

Kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kò sí ohun tí Àtàndá fẹ́ràn láti máa sọ ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí lọ. Ó mú mi lọ wò ó rí, lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwọn aya òṣìṣẹ́ láyè. Ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ọ̀bẹ irin kan ń yí lókè, tábìlì irin wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń de iṣẹ́ mọ́. Tábìlì ló ń gbé iṣẹ́ lọ bá ọ̀bẹ, síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n gbẹ́ bíi síkúrù ló ń ti tábìlì, ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sáfò ló sì ń yí ọ̀pá náà.

“Ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ata náà ń yí,” ni mo wí. “Kí ni tèyí fi yàtọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ti ẹ̀rọ ata ń yí ni, kò mọ ibi tó ń lọ. Eléyìí ní ojú lẹ́yìn.”

Ó ní àwo díńgí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn sáfò, wọ́n fa ìlà sí i lára, ìlà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí sáfò bá ṣe ń yí ni àwo náà ń yí, ìmọ́lẹ̀ á máa gba àárín àwọn ìlà kọjá, ojú kan á sì máa kà wọ́n. Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ á rán sáfò níṣẹ́ pé, lọ síbi báyìí. Ojú á máa sọ ibi tó dé fún àpótí. Àpótí á yọ ibi tó dé kúrò nínú ibi tí wọ́n rán an. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni yóò fi mọ agbára tí yóò fún un. Tí ọ̀nà bá ṣì jìn, á sáré. Tó bá kù díẹ̀, á máa yọ́ rìn. Tí kò bá ku nǹkan kan, á dúró.

“Bí ìgbà tí mo bá ní kí Àwáwù lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò,” ni mo wí, “tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń pariwo: ó kù, ó kù, o ti kọjá, padà díẹ̀, ó tó!”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmọ́ ẹnu àpótí kì í sinmi bíi tìrẹ. Ó ti dúró náà, àpótí ṣì ń bi í pé, ibo lo wà? Gbé ọwọ́ lé tábìlì yẹn, kí o tì í.”

Mo tì í. Ó dà bí ẹni ti ògiri. Mo fi èjìká sí i. Ẹ̀rọ náà kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, kò sì yẹ̀.

“Tí o bá tì í, á tì ọ́ padà,” ni Àtàndá wí. Inú rẹ̀ dùn bíi bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe wòlímọ̀.

Ẹ̀rọ tó mọ ibi tó wà tó bẹ́ẹ̀ ló wá ń ṣìnà yìí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti bàbá mi kí ọ̀rọ̀ tó yé yín. Afọlábí oníbàtà ni wọ́n ń pè wọ́n lẹ́bàá ọjà Tìmì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn òbí wọn nà wọ́n títí nígbà èwe, ọwọ́ òsì náà kò gbọ́. Àwọn ni wọ́n rán bàtà tí Àtàndá wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Bàtà náà lẹ́wà, awọ rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ó há níwájú. Láti ọjọ́ náà ni Àtàndá ti ń wọ̀ ọ́. Èmi ni mo ń fi òrí pa ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́.

“Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n fẹ̀ ẹ́,” ni mo máa ń wí.

“Ta ni yóò sọ ọ́? Èmi? Fún àna mi?”

“Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́ nígbà náà.”

“Tí o bá sọ ọ́, wọ́n á ní èmi ni mo rán ọ. Fi òrí sí i, jàre. Ẹsẹ̀ á kéré tó bá yá.”

Bẹ́ẹ̀ ni Àtàndá ṣe rí sí àwọn òbí mi. Tí ó bá pàdé bàbá mi lójú títì, nínú eruku, nínú ẹrẹ̀, gbalaja ni yóò dọ̀bálẹ̀.

Nígbà Iléyá, Àtàndá ń ròyìn pé rọ́bà kan ti já lára ẹ̀rọ. Láàárín sáfò àti ọ̀pá síkúrù, irin méjì ni wọ́n fi eyín ko eyín, bí ìgbà tí ènìyàn bá ki ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ti òsì. Rọ́bà tó ní apá bí ìràwọ̀ ló wà láàárín eyín wọn, kí irin má baà máa jẹ irin. Rọ́bà òyìnbó náà ti gbó, kò sì sí òmíràn ní gbogbo Nàìjíríà.

Bàbá mi gbé egungun ẹran tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀. “Rọ́bà? Rọ́bà lásán ni wọ́n ń wá kiri bí ẹni ń wá wúrà? Ọmọ oníbàtà lo fẹ́, o ń wá rọ́bà!”

Lẹ́yìn ọdún Iléyá náà, Bàbá fi rọ́bà bàtà gé e. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé iṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n ṣàdúà sí i lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Àtàndá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Rọ́bà náà bá eyín irin mu rẹ́gí. Ó fi sí i, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tí Àtàndá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ti yẹ̀ wò, kò dárúkọ rọ́bà.

“Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé ti yẹ iná wò,” ni ó wí. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé ni ọ̀gá wọn, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí ẹ̀rù sójà ti jẹ́ kó rù. “A ti yẹ ọ̀bẹ wò, a ti yẹ àpótí wò. Àpótí ní tábìlì ti dé ibi tí wọ́n rán an. Mo fi irin ìwọ̀n tó lábẹ́rẹ́ bíi aago wò ó, tábìlì ò dé. Ó kù bí irun. Nígbà míì ó kọjá bí irun. Àárọ̀ ló máa ń sàn díẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú páànù òrùlé, ó di yẹ̀yẹ́. Kí ló kan ẹ̀rọ kan oòrùn?”

Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, n kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ wá ń sọ ọ́ bíi rọ́bà Bàbá,” ni mo wí. “Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọn kì í jẹ́ ká gé rọ́bà lọ́sàn-án. Wọ́n ní ó ti rọ̀, á máa sá fún ọ̀bẹ.”

Mo gbójú sókè, mo sì rí ojú rẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nǹkan.

“Ẹ ti mọ̀,” ni mo wí.

“N kò mọ̀. Mo ń lé e kúrò lọ́kàn ni.” Ó fi ọwọ́ bojú. “Ẹ̀yìn sáfò ni ojú wà, Ìyá Àwáwù. Ohun tí sáfò ṣe nìkan ló ń rí. Sáfò yí dé ibi tí wọ́n rán an, ó dúró, ojú sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó wà láàárín ti lọ́, tábìlì ò bá a dé. Tí ọ̀bẹ bá tún tẹ irin, rọ́bà á tún yẹ̀. Ojú ò parọ́. Kò rí tábìlì ni.”

“Ẹ yọ ọ́ nígbà náà!”

“Kí n fi kí ni rọ́pò rẹ̀? Tí mo bá sì yọ ọ́, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣe é. Kí n sọ fún sójà pé àna mi ló ba ẹ̀rọ ìjọba jẹ́?”

“Ṣé kí wọ́n wá gbé yín lọ ló dára?”

“Èmi ni mo fi sí i. Ọwọ́ mi ni.” Ó dìde, ó ń tiro wọ inú yàrá nínú bàtà híhá náà. “Má dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Mo bẹ̀ ọ́.”

Mo sunkún sórí ẹ̀wà náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo lọ.

Bàbá ń lu bàtà ẹnì kan nígbà tí mo débẹ̀, ẹni tó ni bàtà náà sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jibril ni, aládùúgbò wa.

“Afọlábí, ṣé bàtà yìí á dé ìlú Awo báyìí?”

“Bàtà á dé Awo. Ìwọ tó wọ̀ ọ́ ni mi ò lè dúró fún.”

Jibril rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, Bàbá sì fi òòlù sílẹ̀.

“Fàsílátù. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá.”

“Kí ló wá ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

Mo sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí irin tó kù kan, mo sọ ti Kápítéènì, mo sọ ti ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí mo dé orí rọ́bà, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ojú wọn yí padà. “Iṣẹ́ ọwọ́ mi? Èmi tí mo gé bàtà fún ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ sí Mẹ́kà, tó wọ̀ ọ́ bọ̀? Àtàndá ló rán ọ?”

“Kò rán mi. Ó ní kí n má wá. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ dípò kí wọ́n dárúkọ yín.”

Bàbá mú àjákù rọ́bà kan nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n gé fún ẹ̀rọ, wọ́n gbé e sínú oòrùn, wọ́n sì ń wò ó. Nígbà tó gbóná, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí èjìká wọn wálẹ̀.

“Kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo gbé e dé?” Ohùn wọn ti rọ̀. “Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó gbé ikú sínú ẹ̀rọ.”

Wọ́n yí padà sí ìdí iṣẹ́ wọn. Awọ ẹfọ̀n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gé iṣẹ́ lé lórí. Baba baba mi tó jẹ́ ọdẹ ló pa ẹfọ̀n náà. Awọ náà nípọn bí ìka, ó le bíi pátákó, ọ̀bẹ ìran méjì ti ya ojú rẹ̀. N kò rí ìdí iṣẹ́ Bàbá rí láìsí awọ náà. Wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n sì kì í bọ àárín rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí oòrùn mú gan-an, èmi àti Bàbá dé ilé iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé jẹ́ ká wọlé. Àtàndá rí Bàbá, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí sí mi bí ẹni tí wọ́n dà.

“Dìde,” ni Bàbá wí. “Mo rí ohun kan tó le ju tìjọ́sí lọ ni mo ṣe gbé e wá. Mo kàn rò pé kí o fi wò ó.”

Àtàndá fi ọwọ́ méjèèjì gba awọ ẹfọ̀n tí wọ́n ti gé bí ìràwọ̀. Ó tú eyín irin, ó yọ rọ́bà jáde, Bàbá sì sọ ọ́ sínú àpò dáńdógó wọn. Awọ ò fẹ́ wọlé. Bàbá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n fi ọ̀bẹ bó o díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti ga, Àtàndá ń fi òòlù igi gbá a, àwọn méjèèjì ò wo ojú ara wọn. Nígbà tó wọlé, Àtàndá tan ẹ̀rọ. Ó fi èjìká ti tábìlì. Ó tún tì í. Ó wo irin ìwọ̀n, ó sì pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ gbé irin yẹn wá,” ni ó wí.

N kò lè sọ bí wákàtí yẹn ṣe rí. Ọ̀bẹ wọ irin, igbe rẹ̀ kún gbogbo ilé. Bí tábìlì bá ti sáré lọ síbi ihò kan, á fà, á yọ́, á dúró, ọ̀bẹ á sì sọ̀kalẹ̀, ẹ̀mí mi náà á dúró. Bàbá ń ka bísímílà lábẹ́ ètè. Nígbà tó ku ihò kan, nǹkan dún pàá lára awọ. Àtàndá nawọ́ sí bọ́tìnnì tí yóò pa ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ò dé e. Tó bá pa á láàárín ihò, irin bàjẹ́. Tí kò bá pa á, tí awọ já, irin bàjẹ́ náà ni. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́, títí ọ̀bẹ fi gòkè padà.

Awọ náà ti là ní apá kan. Kò já.

Àwo náà pé. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, mo di ẹrù ọkọ mi. Mo di aṣọ méjì, ọṣẹ tí mo tò lórí ìlà fún, àti bútà tí yóò fi ṣe àlùwàlá. N kò mọ ìdí tí mo fi dì í. Mo gbé e lọ́wọ́, èmi àti Bàbá dúró sínú ilé iṣẹ́ títí ọkọ̀ sójà fi dé.

Kápítéènì ò pariwo. Ó gbé àwo ògbólógbòó tó là náà wá, ó gbé e sábẹ́ tuntun, ó sì kó bóòtù tí wọ́n fi ń de àwo náà jáde. Ó ju bóòtù kan sínú ihò kan, ó bọ́ sísàlẹ̀ gbọnrangandan. Ó ju òmíràn. Gbogbo wọn bọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti fẹ́ dúpẹ́.

“Ó pé,” ni ó wí. “Ó pé púpọ̀. Nítorí náà, o mọ̀ ọ́n ṣe.” Ó yíjú sí Àtàndá. “Ẹ̀rọ kan náà, irin kan náà, ọwọ́ kan náà. Ìgbà tí o rí ìbọn lo tó ṣe é dáadáa. Àwọn méjì ìṣáájú ńkọ́?”

Mo wo ọkọ mi. Ohun tí a ṣe làálàá lánàá láti rí ló wá ń dè é yìí.

“Ẹ̀rọ ló ní àbùkù, Ọ̀gá,” ni Àtàndá wí. “A ti tún un ṣe.”

“Àbùkù wo? Fi hàn mí.”

Àtàndá dúró dí iwájú ẹ̀rọ náà. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé ń wo ilẹ̀. Sójà méjì sún mọ́ ọkọ mi. Ìgbà yẹn ni Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò dáńdógó, wọ́n mú rọ́bà jáde, wọ́n fi lé Kápítéènì lọ́wọ́.

“Èyí ni àbùkù náà. Ẹ jẹ́ kó fi í padà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀yin fúnra yín ti tábìlì yẹn.”

Kápítéènì kọ́kọ́ ti tábìlì bó ti wà. Kò yẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ awọ, wọ́n fi rọ́bà sí i, ó sì tún tì í. Mo rí i lójú rẹ̀ pé tábìlì yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ irin ìwọ̀n ń rìn, àpótí sì ń tan iná kan náà pé tábìlì ò kúrò níbi tó wà. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ọmọdé.

“Sọ ọ́, kí ló dé tí àpótí ò mọ̀?”

“Ẹ̀yìn sáfò ni ojú rẹ̀ wà,” ni Àtàndá wí. “Kò rí iwájú rọ́bà.”

“Ta ló gé rọ́bà yìí?”

“Èmi ni,” ni Àtàndá wí.

Ó sọ ọ́ kíá, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sójà kan di apá rẹ̀ mú.

“Irọ́ ló ń pa!” Ohùn Bàbá ró. “Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ gbà. Ọwọ́ òsì ló gé e. Àna mi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Èmi ni.”

“Bàbá ti darúgbó,” ni Àtàndá kígbe, “wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ!”

“Ṣọ́rọ́ọ̀pù! Ẹ panu mọ́!” Kápítéènì wo àwọn méjèèjì. Ó jọ pé ó yà á lẹ́nu pé ènìyàn méjì ń du ẹ̀wọ̀n kan. Ó wò yíká, ó rí mi pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. “Ìwọ. Ta ni ọ́ sí wọn?”

“Ọkọ mi nìyí. Bàbá mi nìyẹn.”

“Ó dára. Ta ló gé e nínú wọn? Tí o bá parọ́, àwọn méjèèjì ló ń lọ.”

Àtàndá ń wò mí, ó ń mi orí, ó ń bẹ̀ mí. Bàbá náà ń wò mí. Wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè díẹ̀, wọ́n fi hàn mí, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi bí a ti ń di ọ̀bẹ mú.

“Bàbá mi ni,” ni mo wí.

Sójà fi apá ọkọ mi sílẹ̀. Bàbá sọ pé, “Ó ṣeun, ọmọ mi,” wọ́n sì nawọ́ gba ẹrù tí mo dì. Mo gbé e fún wọn pẹ̀lú bútà rẹ̀. Àtàndá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọkọ̀ sójà, kò sì dìde títí ọkọ̀ fi lọ, títí eruku fi bò ó.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, omi yọ ní ìlú. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú korobá, àwọn obìnrin ń ké alihamudulilai àti halelúyà láti agbo ilé dé agbo ilé. Mo pọn omi náà fún Àwáwù. Nígbà tí mo gbé tèmi sẹ́nu, mo dà á padà sínú korobá.

Àwọn sójà bárékè tí wọ́n gbé Bàbá lọ kò sẹ́ pé Bàbá wà lọ́dọ̀ àwọn. Ìyẹn nìkan la fi sàn ju ìyàwó Ọládipúpọ̀ lọ. A ń gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń gbà á, wọn kì í dá abọ́ padà. Oṣù yọ, oṣù kú. Lọ́jọ́ kan, sójà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ẹnì kan lè wọlé, ọkùnrin nìkan, kó má pẹ́. Àtàndá wọlé. Èmi jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú Àwáwù lẹ́yìn mi.

Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ lásán ló gbé. Ó ń rìn lórí òkúta gbígbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo figbe bọnu, mo rò pé wọ́n ti nà án.

“Wọn ò fọwọ́ kàn mí,” ni ó wí. Ó jókòó tì mí. “Wọ́n ti fá orí Bàbá. Wọ́n ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n bi mí pé, ‘Àtàndá, ṣé bàtà yẹn ò fún ọ?’”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní, ‘Ó ń fún mi, Bàbá. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń fún mi.’”

Mo di apá rẹ̀ mú. “Kí ni wọ́n wá sọ?”

“Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Fàsílátù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí sójà fi wá wò wá. Wọ́n wá ní, ‘Bọ́ ọ.’ Wọ́n gbà á, wọ́n ti ọwọ́ òsì bọ inú rẹ̀, wọ́n ń wá ibi tó ti há. Mo ní kí wọ́n fún mi, pé òkúta wà lọ́nà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò níṣẹ́ níbẹ̀, pé àwọn á máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí n wá gbà á lọ́wọ́ àwọn nílé.”

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Àwọn ọmọ ìka náà ti ká pọ̀ mọ́ ara wọn láti ìgbà pípẹ́. Mo kó ẹsẹ̀ náà sórí itan mi, mo ń fi gèlè mi nu eruku rẹ̀, a sì jókòó síbẹ̀, a ń wo ẹnu ọ̀nà bárékè.